Ta ni George Eastman, akọ̀wé báńkì tó gba kámẹ́rà lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá ayàwòrán tó sì fi lé gbogbo ayé lọ́wọ́?

Ẹni tó bá ti lọ síbi ìsọmọlórúkọ àwọn ọmọ Yorùbá ní London lẹ́nu àìpẹ́ yìí kò ní jiyàn ohun tí a fẹ́ sọ. Bí wọ́n bá ti gbé ọmọ jáde báyìí, fóònù ló ń gòkè. Ogún ọwọ́, ogún fóònù, kálukú ń tẹ bọ́tìnnì. Ní kọ̀rọ̀ yàrá, ẹ lè rí ẹnì kan ṣoṣo tó gbé kámẹ́rà gidi kọ́ ọrùn, tó di ojú kan, tó ń yí òrùka ẹnu lẹ́ǹsì síwá, tó ń yí i sẹ́yìn. Kó tó ṣe tán, ọmọ ti jẹ orúkọ, wọ́n ti gbé e padà wọ yàrá.

Ní oṣù tó kọjá, àwa gan-an la wà ní kọ̀rọ̀ yẹn. Àlòkù kámẹ́rà la rà, owó iṣẹ́ tí a ṣe nígbà ìsinmi la fi rà á, a sì ti pinnu pé a kò ní jẹ́ kó bá wa ṣe ohunkóhun fúnra rẹ̀. Nínú 60 fọ́tò tí a yà, 11 ló ṣeé fi han ènìyàn. Àwọn àǹtí wa rẹ́rìn-ín títí. Fọ́tò tiwọn ti wà lórí WhatsApp, ó ti dé Ìbàdàn, kí a tó jẹun tán.

Àmọ́ nígbà tí a délé, tí a gbé fọ́tò méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a rí nǹkan kan. Nínú fọ́tò fóònù, ìyá àgbà tó gbé ọmọ dání mọ́lẹ̀ kedere, ojú wọn ń dán bí ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ́dà, ṣùgbọ́n àbàjà ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn kò sí níbẹ̀ mọ́. Nínú tiwa, ọwọ́ ọmọ dà bí èéfín, ẹ̀yìn yàrá ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n ilà wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá àgbà, ẹ lè kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

A bi àǹtí wa bóyá àwọn ni wọ́n pa ilà náà rẹ́. Wọ́n ní àwọn kò fọwọ́ kan nǹkan kan, bọ́tìnnì nìkan làwọn tẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ta ló wá pa á rẹ́?

Ká tó lè dáhùn, a ní láti padà sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó kú ní 1932. Òun ló mú kí títẹ bọ́tìnnì di iṣẹ́ ọ̀tọ̀, kí gbogbo iṣẹ́ tó kù sì di ti ẹlòmíì. George Eastman ni orúkọ rẹ̀, òun ló dá Kodak sílẹ̀.

Ọmọ opó tó fi ilé ìwé sílẹ̀ ní ọmọ ọdún 14

Wọ́n bí Eastman ní ọjọ́ 12, oṣù Keje, ọdún 1854, ní Waterville, ní ìpínlẹ̀ New York, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Bàbá rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní ìlú Rochester tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìmọ̀ okòwò. Bàbá náà kú ní 1862, ọmọ kò tíì pé ọdún mẹ́jọ. Ìyá rẹ̀, Maria, bẹ̀rẹ̀ sí í gba ayálégbé sínú ilé kí òun àtàwọn ọmọ lè rí jẹ. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Katy, tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú láti kékeré, kú ní 1870.

Nígbà tí Eastman di ọmọ ọdún 14, ó fi ilé ìwé sílẹ̀, ó lọ ń ṣe ọmọ ìránṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn adójútòfò. $3 ni wọ́n ń san fún un lọ́sẹ̀. Nígbà tó di 1874, ó di akọ̀wé ní báńkì kan ní Rochester, owó rẹ̀ sì di $15 lọ́sẹ̀. Ó ń kọ gbogbo owó tó wọlé àti èyí tó jáde sínú ìwé kékeré kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìwà yìí sọ́kàn. Ẹni tó máa wá sọ fún gbogbo ayé pé kí wọ́n má ṣe yọ ara wọn lẹ́nu, òun fúnra rẹ̀ kì í fi nǹkan kan sílẹ̀ láìwọ̀n.

Ẹrù tó yẹ kí ẹṣin rù

Ní 1877, Eastman ń gbèrò láti rìnrìn àjò lọ sí Santo Domingo. Ẹnì kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní báńkì gbà á nímọ̀ràn pé kó máa ya fọ́tò ohun tó bá rí lọ́nà. Ló bá lọ ra ohun èlò. Kámẹ́rà náà tó àpótí ọṣẹ. Ó ní ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó wúwo tí wọ́n máa gbé e lé, ó ní àgọ́ dúdú, ìgò kẹ́míkà lóríṣiríṣi, gíláàsì pẹlẹbẹ, àwo tí wọ́n ń rẹ gíláàsì sí, àti garawa omi. Ó tún san $5 fún ẹni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbí, torí àwa tí a ń fi kámẹ́rà gidi ṣe fọ́ńté lónìí kò mọ ohun tó ń jẹ́ wàhálà. Láyé ìgbà náà, bí ẹ bá fẹ́ ya òkè kan, ẹ ó kọ́kọ́ pàgọ́ sí ìdí òkè náà. Inú àgọ́ yẹn, nínú òkùnkùn, lẹ ti máa da oògùn kan tó ń fà bí oje igi sórí gíláàsì, tí ẹ ó sì rì í sínú omi fàdákà. Ẹ ó gbé gíláàsì náà jáde ní tútù, ẹ ó kì í bọ inú kámẹ́rà, ẹ ó ṣí ìdérí lẹ́ǹsì pẹ̀lú ọwọ́, ẹ ó máa ka ìṣẹ́jú àáyá lọ́kàn, ẹ ó sì dé e padà. Lẹ́yìn náà, ẹ ó sáré padà sínú àgọ́ lọ fọ gíláàsì náà kó tó gbẹ. Bó bá gbẹ, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí ìka yín bá sì dúdú fún ọ̀sẹ̀ kan, fàdákà náà ló ṣe é.

Kò sí nǹkan kan tí kámẹ́rà ń ṣe fúnra rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó, bó ṣe máa pẹ́ tó, bí gíláàsì ṣe máa yára gbà á tó, ọwọ́ ayàwòrán ni gbogbo rẹ̀ wà. Ohun mẹ́ta yìí náà ló ṣì wà lára kámẹ́rà tiwa: ihò lẹ́ǹsì tí à ń fẹ̀ tàbí kí á fún, àkókò tí ṣọ́tà fi ń ṣí, àti bí ojú ẹ̀rọ inú rẹ̀ ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀ tó.

Eastman kò lọ sí Santo Domingo mọ́. Fọ́tò ti gbà á lọ́kàn. Ohun tó ń rò ni bó ṣe máa dín ẹrù náà kù.

Ilé ìdáná Maria

Ó kà nínú ìwé ìròyìn àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé àwọn kan níbẹ̀ ti ń fi gelatin ṣe gíláàsì gbígbẹ, èyí tí ènìyàn lè ṣe sílẹ̀ nílé, kó yà á lọ́jọ́ mìíràn, kó sì fọ̀ ọ́ nígbà tó bá wù ú. Láti ìgbà náà, bó bá ti kúrò ní báńkì lálẹ́, ilé ìdáná ìyá rẹ̀ ló ń wọ̀. Ibẹ̀ ló ti ń se oògùn, tó ń rò ó, tó ń dà á sórí gíláàsì. Nígbà mìíràn oorun á gbé e lọ sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ilẹ̀ á sì mọ́ bá a níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́.

Ní 1879, ó wọkọ̀ ojú omi wá sí London níbí láti gba ẹ̀tọ́ oníǹkan lórí ẹ̀rọ kan tó fi ń da oògùn sórí gíláàsì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó háyà àjà kẹta ilé kan ní State Street ní Rochester, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta gíláàsì. Ọkùnrin oníṣòwò kan tó ń ṣe pàṣán ẹṣin, Henry Strong, tó jẹ́ ayálégbé nílé ìyá rẹ̀, ló fi owó kún owó rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1881, ó kọ̀wé fi iṣẹ́ báńkì sílẹ̀.

Ọdún kan lẹ́yìn náà ló kù díẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ bàjẹ́. Àwọn oníbàárà ń pariwo pé gíláàsì tí àwọn rà kò gba ìmọ́lẹ̀ mọ́. Eastman kó gbogbo èyí tó wà lọ́jà padà, ó fi tuntun rọ́pò fún àwọn tó rà á, owó tó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó tún padà sọdá òkun wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti wádìí ohun tó fà á, àṣé gelatin tí wọ́n ń rà ló ní àléébù. Láti ọjọ́ yẹn, kò gba ohun èlò kankan wọlé láìjẹ́ pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Àpótí dúdú ọdún 1888

Gíláàsì gbígbẹ dín ẹrù kù, ṣùgbọ́n gíláàsì ṣì ni gíláàsì: ó wúwo, ó ń fọ́. Eastman bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó ṣeé ká bí ẹní. Ó kọ́kọ́ lo bébà, lẹ́yìn náà ló fi fíìmù rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọ̀gá ayàwòrán kò fi bẹ́ẹ̀ ra fíìmù bébà rẹ̀ torí pé fọ́tò inú rẹ̀ kò dán tó ti gíláàsì, ó fi wọ́n sílẹ̀. Ó pinnu láti ta á fún àwọn tí kò mọ nǹkan kan nípa fọ́tò.

A rò pé ìpinnu yìí gan-an ló sọ ọ́ di ẹni tí à ń sọ ìtàn rẹ̀. Kò bá àwọn ọ̀jẹ̀ jà. Ó kàn lọ wá àwọn èèyàn mìíràn.

Ní 1888, ó gbé kámẹ́rà kan jáde, ó sì sọ ọ́ ní Kodak. Ọ̀rọ̀ náà kò ní ìtumọ̀ ní èdè kankan. Ó fẹ́ràn lẹ́tà K, ó wá fi ọ̀kan síwájú, ó fi ọ̀kan sẹ́yìn. Àpótí dúdú tí kò tóbi púpọ̀ ni, ẹ lè fi ọwọ́ méjì gbé e. $25 ni wọ́n ń tà á, èyí sì ju owó ọ̀sẹ̀ kan ààbọ̀ tí Eastman ń gbà nígbà tó kọ́kọ́ wọ báńkì. Ojú fọ́tò 100 ló wà nínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́.

Ẹ wo ohun tó yọ kúrò lára rẹ̀. Kò sí òrùka tí ẹ máa yí kí ojú fọ́tò lè mọ́. Kò sí ihò lẹ́ǹsì tí ẹ máa fẹ̀ tàbí kí ẹ fún. Ìwọ̀n kan ṣoṣo ni ṣọ́tà rẹ̀ ń sá. Kò tilẹ̀ sí ihò tí ẹ máa yọjú wo ohun tí ẹ ń yà, ìlà méjì kan ló wà lórí àpótí náà tí ẹ máa fi fojú wọ̀n ọ́n. Ẹ ó fa okùn kan, ẹ ó tẹ bọ́tìnnì, ẹ ó yí kọ́kọ́rọ́ kan kí fíìmù lè sún síwájú. Ó parí. Fọ́tò rẹ̀ rí róbótó bí owó fàdákà. Ìdí kan ni pé etí àwòrán kì í mọ́ dáadáa nínú lẹ́ǹsì bẹ́ẹ̀, ìdí mìíràn ni pé bí ẹ bá gbé kámẹ́rà wọ́, fọ́tò róbótó kò ní tú yín fó tó ti onígun mẹ́rin.

Bí 100 bá pé, ẹ ó fi kámẹ́rà náà, odidi rẹ̀, ránṣẹ́ sí Rochester pẹ̀lú $10. Àwọn òṣìṣẹ́ Eastman ni wọ́n máa ṣí i nínú òkùnkùn, tí wọ́n máa fọ fíìmù, tí wọ́n máa tẹ fọ́tò sórí páálí, tí wọ́n á ki fíìmù tuntun sínú rẹ̀, tí wọ́n á sì dá a padà sílé yín.

Ibí yìí ni ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ àbàjà ìyá àgbà ti bẹ̀rẹ̀. Eastman kò fòpin sí iṣẹ́ ọwọ́ inú fọ́tò. Ó kó o kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń yà á, ó kó o lọ sí Rochester. Ẹnì kan wà níbẹ̀ tí ẹ kò mọ̀, tí kò sì mọ̀ yín, tó ń pinnu bí ojú ìyá yín ṣe máa dúdú tó lórí bébà. Nínú fóònù tòde òní, ẹni náà ti di ìlànà tí wọ́n kọ sínú ẹ̀rọ. Lẹ́ǹsì fóònù kéré, lára ọ̀pọ̀ nínú wọn ihò rẹ̀ kò ṣeé fẹ̀, kò ṣeé fún, gẹ́gẹ́ bí ti Kodak ọdún 1888. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan, fóònù lè ya fọ́tò bíi mélòó kan tẹ̀ léra, kó pa wọ́n pọ̀, kó tan ìmọ́lẹ̀ sí ibi tó ṣú, kó sì dán ohun tó bá kà sí àbùkù. Ó ka ilà sí àbùkù ni.

Ìbínú àwọn ọ̀jẹ̀, àti ọ̀ràn Pásítọ̀ Goodwin

Àwọn ọ̀gá ayàwòrán bínú. Lójú wọn, ẹni tó ń tẹ bọ́tìnnì kì í ṣe ayàwòrán. Àwọn ìwé ìròyìn náà pariwo, pé àwọn oníKodak ń ya ènìyàn láìgbàṣẹ, pàápàá àwọn tó lọ wẹ̀ létí òkun. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1890, àwọn agbẹjọ́rò méjì, Samuel Warren àti Louis Brandeis, kọ àpilẹ̀kọ olókìkí kan lórí ẹ̀tọ́ tí ènìyàn ní pé kí wọ́n fi òun sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Fọ́tò ojú ẹsẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n dárúkọ. Gbogbo awuyewuye tí à ń gbọ́ nípa fóònù lónìí ti wà nílẹ̀ kí a tó bí àwọn tó bí bàbá bàbá wa.

Ṣùgbọ́n ìbínú kan wà tí a kò lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ní 1889, ilé iṣẹ́ Eastman bẹ̀rẹ̀ sí í ta fíìmù tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, èyí tí onímọ̀ kẹ́míkà rẹ̀, Henry Reichenbach, ṣiṣẹ́ lé lórí. Fíìmù yìí ló jẹ́ kí Thomas Edison lè ṣe ẹ̀rọ sinimá rẹ̀. Àmọ́ àgbàlagbà àlùfáà kan wà ní ìlú Newark, Hannibal Goodwin, tó ti kọ̀wé béèrè fún ẹ̀tọ́ oníǹkan lórí irú fíìmù bẹ́ẹ̀ láti 1887. Ó dúró títí di 1898 kí ìjọba tó fún un. Ní 1900, ó kú, kó tó jẹ èrè kankan gidi lórí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ra ẹ̀tọ́ náà pe Kodak lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ sì dá wọn láre ní 1914. Kodak san $5 mílíọ̀nù. Goodwin ti lò ju ọdún mẹ́tàlá lọ nínú sàréè nígbà yẹn.

A ti ka ìwé tí wọ́n kọ nípa Eastman tó jẹ́ pé ìlà kan péré ni wọ́n fi ròyìn ọ̀rọ̀ yìí. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà náà gbé Kodak lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì sọ ní 1915 pé ó ń gbá gbogbo ọjà mọ́ra lọ́nà tí kò bófin mu. Ọkùnrin yìí lawọ́, ṣùgbọ́n kì í fẹ́ kí ẹlòmíì bá òun tajà.

Kámẹ́rà $1

Ní 1900, ó gbé Brownie jáde. Frank Brownell ló ṣe ètò bó ṣe máa rí. Páálí ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, $1 ni wọ́n ń tà á, fíìmù rẹ̀ jẹ́ sẹ́ǹtì 15. Àwọn ọmọdé ni wọ́n polówó rẹ̀ fún. Wọ́n ta ju 100,000 lọ́dún àkọ́kọ́. Àwọn mẹ̀kúnnù tí ẹnikẹ́ni kò ya fọ́tò wọn rí bẹ̀rẹ̀ sí í ya ara wọn: ìyá nílẹ̀kùn ilé, ọmọ lórí àkàbà, ajá. Ẹni tó bá fẹ́ bá Eastman wí lórí ohun tó gbà lọ́wọ́ àwọn ọ̀jẹ̀, kó rántí èyí pẹ̀lú. Bí kì í bá ṣe ti bọ́tìnnì náà ni, àwọn ẹbí wa ní Ìbàdàn ì bá máa retí fọ́tò ìsọmọlórúkọ yẹn títí di òní.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Kodak kọ́ ilé iṣẹ́ ńlá sí Harrow ní 1891, ibẹ̀ sì ṣiṣẹ́ títí di 2016. Àwọn òǹkàwé wa tó ń gbé ní àdúgbò Wealdstone yóò mọ ibi tí à ń sọ.

Ọlọ́rọ̀ tí ojú kò mọ̀

Eastman kò gbéyàwó. Ìyá rẹ̀ ló ń bá gbé, ó sì tọ́jú rẹ̀ títí tó fi kú ní 1907. Ilé tó kọ́ sí East Avenue ní Rochester tóbi tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ohun èlò orin tó gba odidi àyè ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ fún un bó bá ń jẹun àárọ̀. Ní 1919, ó wò yàrá kan, ó ní kò gùn tó. Ó ní kí wọ́n gé ilé náà sí méjì, kí wọ́n ti apá kan sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án àti díẹ̀. Wọ́n gé e lóòótọ́. Ẹni tó ta kámẹ́rà tí kò ní ohun tí ènìyàn lè yí fún gbogbo ayé, ó gé ilé ara rẹ̀ sí méjì torí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án!

Àwọn àgbà ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ọkùnrin tó kó ojú gbogbo ayé sínú álíbọ́ọ̀mù kì í fẹ́ kí wọ́n gbé ojú tirẹ̀ síta. Ó lè rìn kọjá ní ìgboro Rochester láìsí ẹni tó máa dá a mọ̀. Nígbà tó ń fún MIT lówó, ó ní kí wọ́n pe ẹni tó fún wọn ní Ọ̀gbẹ́ni Smith, ó sì fún wọn tó $20 mílíọ̀nù kí àṣírí tó tú ní 1920. Ó dá ilé ẹ̀kọ́ orin sílẹ̀ ní Rochester. Láti 1912, ó ń pín lára èrè ilé iṣẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ní àfikún sí owó oṣù wọn. Ó kọ́ ilé ìtọ́jú eyín fún àwọn ọmọ aláìní ní Rochester, lẹ́yìn náà ní Rome, Paris, Brussels, Stockholm, àti ní London níbí, ní Gray's Inn Road, èyí tí wọ́n ṣí ní 1931. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára ilé ìwòsàn eyín náà títí dòní. Àwọn kan lára yín ti jókòó sórí àga ibẹ̀, ẹ ò mọ̀ pé owó fíìmù ló rà á.

Ó fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ aláwọ̀ dúdú méjì, Tuskegee àti Hampton, ní owó ńlá. Síbẹ̀, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Rochester kì í fi bẹ́ẹ̀ gba aláwọ̀ dúdú síṣẹ́. Láàárín ọdún 1966 sí 1967, ìgbà tó ti kú tipẹ́, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ FIGHT bá Kodak jà lórí ọ̀rọ̀ náà kí wọ́n tó fohùn ṣọ̀kan. Àwọn nǹkan méjèèjì yìí la kọ sílẹ̀, a kò fi ọ̀kan pa èkejì mọ́.

Ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀, àìsàn ọ̀pá ẹ̀yìn bá a jà gidigidi. Kò lè rìn dáadáa, kò lè dúró pẹ́. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 1932, ó pe àwọn ọ̀rẹ́ díẹ̀ wá sílé láti wá ṣe ẹlẹ́rìí sí àtúnṣe ìwé ìpíngún rẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, ó fọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ọmọ ọdún 77 ni. Ìwé kúkúrú kan tó fi sílẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ pé iṣẹ́ òun ti parí, kò sì sí ohun tí òun ń dúró dè.

Káàdì Shirley

Eastman kò rí ohun tí a fẹ́ sọ yìí, ṣùgbọ́n ọmọ bọ́tìnnì rẹ̀ ni. Láti àwọn ọdún 1950, Kodak máa ń fi káàdì kan ránṣẹ́ sí àwọn ibi tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò aláwọ̀ mèremère. Àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lára káàdì náà, Shirley ni wọ́n ń pè é, torí pé orúkọ obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n yà sí i nìyẹn. Bí awọ Shirley bá ti jáde dáadáa, ẹ̀rọ ti dára nìyẹn. Ẹni tí awọ rẹ̀ kò bá jọ ti Shirley, ohun tó bá rí ni kó gbà. Nínú fọ́tò ilé ìwé tí ọmọ funfun àti ọmọ dúdú jọ jókòó sí, eyín àti ojú ọmọ dúdú nìkan ni ẹ lè rí dáadáa.

Ìyàwòrán tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, tó sì ní kámẹ́rà tó ṣeé yí, lè tún un ṣe: kó fẹ ihò lẹ́ǹsì sí i, kó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ pẹ́ lójú ẹni náà. Àwọn tó ń tẹ bọ́tìnnì kò ní ohun tí wọ́n lè yí. Ohun tó dùn wá jù ni pé, lára àwọn tí ẹkún wọn mú kí Kodak wá nǹkan ṣe sí i ní àwọn ọdún 1970 ni àwọn tó ń polówó ṣokoléètì àti àwọn tó ń ta àga onígi, torí pé àwọ̀ pupa rúsúrúsú ọjà wọn kò hàn nínú fọ́tò.

Kodak fúnra rẹ̀ náà jìyà bọ́tìnnì. Òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan, Steve Sasson, ṣe kámẹ́rà tí kò lo fíìmù ní 1975, ilé iṣẹ́ náà kò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Ní oṣù Kínní ọdún 2012, wọ́n lọ sílé ẹjọ́ láti sọ pé àwọn kò lè san gbèsè mọ́.

Ní ti fóònù, ó ti ń sàn. Ní 2021, Google kéde pé àwọn ti tún kámẹ́rà fóònù Pixel wọn ṣe kí ó lè ya awọ dúdú bó ṣe rí, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn náà sì ń gbìyànjú. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni ju fóònù nù. Nínú yàrá tó ṣókùnkùn, fóònù tó dára máa na ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kámẹ́rà, ẹ wo 49 tí a bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ yẹ inú rẹ̀ wò. A yẹ fóònù àǹtí wa wò lọ́jọ́ náà, a rí i pé ohun tó ń dán ojú wà ní títàn láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e jáde nínú páálí. A pa á. Ó gbà wá ní ìṣẹ́jú kan. Nínú ọ̀pọ̀ fóònù, ẹ tún lè rí ibi tí ẹ ti lè fọwọ́ ara yín pinnu bí ṣọ́tà ṣe máa pẹ́ tó àti bí ìmọ́lẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó.

A gbé fọ́tò méjèèjì lọ fún ìyá àgbà ní ọjọ́ Àìkú. Wọ́n wo ti fóònù, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, torí ó sọ wọ́n di ọmọge. Wọ́n wá mú tiwa, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n fi ìka tọ ilà náà lórí bébà. Wọ́n sọ orúkọ olóòlà tó kọ ọ́ fún wọn, wọ́n sì ní kí a tẹ irú rẹ̀ kan tó tóbi, kí a kọ orúkọ ọmọ àti ọjọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀.

A ti rí ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ ní Peckham. Bó bá di ìsọmọlórúkọ tó ń bọ̀, a ó jẹ́ kí ṣọ́tà yára sí i, torí ọwọ́ ọmọ.